Bí A Ṣe Ń Yan Agbábọ́ọ̀lù fún Ìdíje Ikọ̀ Àfinúrò

Lọ́jọ́ Sátidé tí bọ́ọ̀lù bá ń lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹ bá kọjá lẹ́bàá ilé tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù ní ìlú Fìdítì, ohun kan lè rú yín lójú. Ẹ ó rí ọmọ Arsenal tó ń fò sókè nítorí pé agbábọ́ọ̀lù Manchester City gbá góòlù wọlé. Ẹ ó rí ọmọ Chelsea tó ń bínú nítorí pé bọ́ọ̀lù kọjá lára aṣọ́lé Nottingham Forest. Wọn ò yí ẹgbẹ́ padà o. Ìdíje kan ni wọ́n ń ṣe lórí fóònù. Fantasy Premier League ni orúkọ rẹ̀, FPL sì ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń pè é. Nínú àlàyé yìí, ìdíje ikọ̀ àfinúrò la ó máa pè é. Bí ẹ ò bá gbọ́ ọ rí, ẹ fọkàn balẹ̀, díẹ̀díẹ̀ la ó mú un.

Premier League ni ìdíje bọ́ọ̀lù tó ga jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹgbẹ́ 20 ló wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 láti oṣù kẹjọ títí di oṣù karùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin ni ẹ ó ṣa agbábọ́ọ̀lù láti inú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí, tí ẹ ó kó wọn jọ di ikọ̀ tiyín. Ikọ̀ náà kò ní wọ pápá láéláé, orí fóònù ló mọ. Ṣùgbọ́n bí agbábọ́ọ̀lù tí ẹ yàn bá ṣe dáadáa ní pápá lóòótọ́, ẹ̀yin náà á gba pọ́ìntì, èyí tí a ó máa pè ní àmì níbí. Bó bá ṣe ohun tí kò dáa, wọ́n á yọ nínú àmì yín. Ẹni tí àmì rẹ̀ bá pọ̀ jù nígbà tí sáà bá parí ló gbégbá orókè.

Ẹ má fi wé tẹ́tẹ́. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ wọlé. Ohun tó máa ná yín ni dátà fóònù àti àròjinlẹ̀ díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Irú eré yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1962, Wilfred Winkenbach, ará Oakland ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀yà kan fún bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1980, Daniel Okrent àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe tiwọn fún eré baseball. Andrew Wainstein ló sọ ọ́ di òwò fún bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1991, nígbà tí wọ́n ṣì ń fi bírò àti ìwé ṣírò ohun tí wọ́n kà nínú ìwé ìròyìn. Premier League fúnra rẹ̀ dá tiẹ̀ sílẹ̀ ní sáà 2002/03. Lónìí, ikọ̀ tó ń wọlé lọ́dọọdún ti ju mílíọ̀nù 10 lọ káàkiri àgbáyé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí owó. Bí ẹ bá ti forúkọ sílẹ̀, wọ́n á fún yín ní mílíọ̀nù 100 pọ́ùn. Owó orí fóònù ni, kò ṣe é ná lọ́jà. Agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ní iye tiẹ̀. Nígbà tí sáà 2025/26 bẹ̀rẹ̀, mílíọ̀nù 14.5 ni wọ́n pe Mohamed Salah ti Liverpool, mílíọ̀nù 14 ni wọ́n pe Erling Haaland ti Manchester City. Àwọn tí owó wọn kéré jù wà ní mílíọ̀nù 4.

Ẹ wo ìyá oníṣòwò tó ti Èkó wá ra èso ní Fìdítì. Owó tó dì mọ́ ìdí ní iye, ọkọ̀ kan ló sì fẹ́ kún. Bó bá kó gbogbo owó lé ọ̀pẹ̀yìnbó ńláńlá, ọsàn àti ìbẹ́pẹ tí àwọn oníbàárà ń béèrè lójoojúmọ́ kò ní dé ọjà, ìdajì ọkọ̀ á sì ṣófo. Bó bá sì jẹ́ kìkì èyí tó pọ́ọ́kú ló rà, ọkọ̀ á kún, ṣùgbọ́n èrè kò ní tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ikọ̀ yín. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni yóò wọ́n, díẹ̀ yóò pọ́ọ́kú, àwọn tó kù á wà láàárín.

Iye ènìyàn tí ẹ ó rà jẹ́ 15: aṣọ́lé 2, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn 5, agbábọ́ọ̀lù àárín 5, agbábọ́ọ̀lù iwájú 3. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, 11 nínú wọn ni ẹ ó tò síta, àwọn 4 yòókù á jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ẹ lè to àwọn 11 náà bó ṣe wù yín, bí aṣọ́lé bá ti jẹ́ 1, tí àwọn ẹ̀yìn kò dín ní 3, tí àwọn àárín kò dín ní 2, tí ó kéré tán 1 sì wà níwájú.

Òfin kan wà tó ń dí ojúkòkòrò lọ́wọ́: ẹ ò gbọdọ̀ mú ju agbábọ́ọ̀lù 3 lọ láti inú ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ọmọ Arsenal tó fẹ́ kó gbogbo Arsenal jọ, òfin yìí á dá a dúró.

Ó wá kan bí wọ́n ṣe ń fún ni ní àmì. Ẹ farabalẹ̀ níbí, torí pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n yíyàn ti ń jáde. Agbábọ́ọ̀lù tó bá wọ pápá, àmì 1 ni. Bó bá lo ìṣẹ́jú 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó di 2. Bí agbábọ́ọ̀lù iwájú bá gbá góòlù wọlé, àmì 4 ni. Ti àárín á gba 5, ti ẹ̀yìn á gba 6, bó bá sì ṣẹlẹ̀ pé aṣọ́lé ló gbá a wọlé, àmì 10 ni. Ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù fún ẹni tó gbá a wọlé ń gba àmì 3.

Àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn ní ọ̀nà míì tí wọ́n ń gbà jẹun. Bí góòlù kankan kò bá wọ ilé ẹgbẹ́ wọn, tí wọ́n sì ti lo ìṣẹ́jú 60 ó kéré tán, aṣọ́lé àti àwọn ẹ̀yìn á gba àmì 4 lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn àárín á gba 1. Aṣọ́lé tó bá mú bọ́ọ̀lù 3 tó ń lọ sínú àwọ̀n á gba àmì 1. Bó bá mú pẹ̀nálítì, 5 ni. Ṣùgbọ́n fún góòlù méjì-méjì tó bá wọlé wọn, wọ́n á yọ àmì 1 lọ́wọ́ aṣọ́lé àti àwọn ẹ̀yìn.

Láti sáà 2025/26, wọ́n tún fi nǹkan kan kún un fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tí àwọn èèyàn kì í pàtẹ́wọ́ fún. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn tó bá gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ alátakò, tó já a gbà lójú ọ̀nà, tó dí i tàbí tó gbá a jìnnà sílé, bí àpapọ̀ rẹ̀ bá pé ìgbà 10 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, àmì 2 ni. Fún ti àárín àti ti iwájú, wọ́n á ka bọ́ọ̀lù tó sọnù tí wọ́n gbà padà mọ́ ọn, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ pé ìgbà 12.

Ìjìyà náà wà ńlẹ̀. Káàdì yẹ́lò á mú àmì 1 lọ, káàdì pupa á mú 3 lọ. Ẹni tó gbá pẹ̀nálítì dànù pàdánù 2, ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé ara rẹ̀ náà pàdánù 2. Lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tún fún àwọn tó ta yọ jù ní ẹ̀bùn àmì 3, 2 àti 1.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kan wò ó. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn kan gbá bọ́ọ̀lù parí, góòlù kankan kò wọlé wọn, òun fúnra rẹ̀ sì fi orí kan góòlù kan wọlé. Àmì 2 fún ìṣẹ́jú tó lò, 4 fún ilé tí kò jò, 6 fún góòlù: 12 ni. Agbábọ́ọ̀lù iwájú kan náà gbá bọ́ọ̀lù parí, ó gbá góòlù méjì wọlé. Àmì 2 àti 8: 10 ni. Iwájú ni gbogbo ilé ìwòran máa pariwo orúkọ rẹ̀, ẹ̀yìn ló pa àmì jù. Ìdí rèé tí a fi ní kí ẹ má máa yan ènìyàn nítorí ariwo.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó wò lára agbábọ́ọ̀lù ni bóyá ó ń wọ pápá. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ṣùgbọ́n òun ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé. Ẹgbẹ́ ńlá ní ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù lórí bẹ́ǹṣì, akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn a sì máa pààrọ̀ wọn kiri. Orúkọ ńlá tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú 75 máa fún yín ní àmì 1. Ọmọ ẹgbẹ́ kékeré tí wọn kì í yọ jáde máa fún yín ní 2 kó tó ṣe ohunkóhun, yóò sì ní àyè láti ṣe púpọ̀ sí i. Kí ẹ tó ra ẹnikẹ́ni, ẹ wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mélòó kan tó kọjá, kí ẹ wo iye ìṣẹ́jú tó lò. Áàpù ìdíje náà ń fi í hàn.

Ohun kejì ni iye àmì tí owó yín ń rà. Ní sáà 2023/24, mílíọ̀nù 5 péré ni wọ́n pe Cole Palmer. Ọmọdé tí kò rí àyè tó ní Manchester City ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó lọ sí Chelsea ni. Wọ́n fún un ní ipò àti pẹ̀nálítì ní Chelsea, ó gbá góòlù 22 wọlé, ó sì parí pẹ̀lú àmì 244, tó ju ti gbogbo agbábọ́ọ̀lù lọ ní sáà náà. Bí ẹ bá fi mílíọ̀nù 5 pín 244, mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan mú nǹkan bí àmì 49 wá. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, Salah bẹ̀rẹ̀ ní mílíọ̀nù 12.5, ó gbá góòlù 29, ó gbé 18 fún àwọn ẹlòmíràn, ó sì kó àmì 344, èyí tí ẹnikẹ́ni kò kó rí nínú sáà kan. Mílíọ̀nù kọ̀ọ̀kan tiẹ̀ mú nǹkan bí 27 àti ààbọ̀ wá.

Ẹ má torí ẹ̀ sọ pé Palmer dára ju Salah lọ. Àwọn tó ní irú àwọn méjèèjì nínú ikọ̀ wọn ló ń jẹun yó. Ẹni tó pọ́ọ́kú tó sì ń so èso ló ń fún yín láyè láti ra ẹni tó wọ́n. Chris Wood ti Nottingham Forest tún jẹ́ àpẹẹrẹ míì: mílíọ̀nù 6 ló fi bẹ̀rẹ̀ sáà 2024/25, góòlù 20 ló gbá wọlé. Iṣẹ́ yín ni láti tètè rí irú wọn kí ilẹ̀ tó mọ́ bá gbogbo èèyàn.

Ohun kẹta ni ipò tí wọ́n kọ sí orúkọ agbábọ́ọ̀lù. Ẹ rántí pé góòlù àárín jẹ́ àmì 5, ti iwájú jẹ́ 4. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ìdíje yìí kọ sí àárín, tó jẹ́ pé iwájú gan-an ni wọ́n ti ń gbá. Bẹ́ẹ̀ ni Salah rí, bẹ́ẹ̀ ni Bukayo Saka ti Arsenal rí. Àwọn báyìí ń gba owó iṣẹ́ méjì, torí pé góòlù wọn wúwo jù, wọ́n sì tún ń gba àmì 1 bí ilé wọn kò bá jò.

Ohun kẹrin ni ẹni tó ń gbá pẹ̀nálítì, bọ́ọ̀lù igun àti bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbé kalẹ̀. Láàárín ẹni méjì tí owó wọn dọ́gba, tí wọ́n jọ ń wọ pápá, ẹ mú ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè bí pẹ̀nálítì bá dé.

Ohun karùn-ún ni ẹni tí wọ́n fẹ́ bá pàdé. Ẹ ṣí àkójọ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀sẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà tó ń bọ̀. Agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ẹgbẹ́ aláàbọ̀ tó fẹ́ kojú àwọn ẹgbẹ́ tí góòlù wọn kò pọ̀, tí mẹ́ta nínú wọn sì jẹ́ nílé, lè sàn ju ti ẹgbẹ́ ńlá tó fẹ́ kojú Liverpool, Arsenal àti Manchester City léraléra. Ẹ má ṣe wo Sátidé tó ń bọ̀ yìí nìkan.

Ó ku bí ẹ ó ṣe pín owó náà. Ọ̀nà kan tó gbajúmọ̀ rèé. Ẹ fi aṣọ́lé kan àti agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn kan tí wọ́n jẹ́ mílíọ̀nù 4 sórí bẹ́ǹṣì, kí ẹ fi àárín kan àti iwájú kan tí wọ́n jẹ́ mílíọ̀nù 4.5 tì wọ́n. Mílíọ̀nù 17 ti lọ. Mílíọ̀nù 83 ló kù fún àwọn 11 tó ń jáde, ìyẹn nǹkan bí mílíọ̀nù 7 àti ààbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá mú ẹnì kan tó tó mílíọ̀nù 14, ẹ ti mọ̀ pé àwọn 10 yòókù á pín mílíọ̀nù 69. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà kí ẹ tó fọwọ́ kan fóònù, á rọrùn fún yín.

Ẹ má sì fi bẹ́ǹṣì ṣeré. Bí ẹnì kan nínú àwọn 11 yín kò bá wọ pápá rárá, ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì á wọlé dípò rẹ̀ fúnra rẹ̀, bí ẹ bá ṣe tò wọ́n ni wọ́n á ṣe máa wọlé. Ẹni tó pọ́ọ́kú tó ń wọ pápá sàn ju ẹni tó pọ́ọ́kú tí akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ ti gbàgbé.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ó yan balógun kan. Gbogbo àmì tí balógun bá kó, ìlọ́po méjì ni wọ́n á kà á. Ẹ ó sì yan igbákejì, tó máa gba ipò náà bí balógun kò bá wọ pápá. Ìpinnu tó tóbi jù lọ́sẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí ẹ ó gbé e fún ni ẹni tó dájú pé ó ń wọlé, tó ń gbá pẹ̀nálítì, tó sì wà nílé pẹ̀lú ẹgbẹ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ jò. Kì í ṣe orí yíyan balógun ni kí ẹ ti máa fi hàn pé ẹ̀yin rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí.

Bí ẹ bá fẹ́ yọ ẹnì kan kí ẹ mú ẹlòmíràn, ìpààrọ̀ ọ̀fẹ́ 1 ni wọ́n ń fún yín lọ́sẹ̀ kan. Bí ẹ kò bá lò ó, ẹ lè tọ́jú rẹ̀, ó lè jọ títí dé 5. Èyí tó bá lé sórí ọ̀fẹ́, àmì 4 ni wọ́n ń yọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àmì 4 náà ni góòlù agbábọ́ọ̀lù iwájú kan, nítorí náà kó tó di pé ẹ san án, ẹ bi ara yín bóyá ẹni tuntun náà máa ju ẹni àtijọ́ lọ ní góòlù kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré ra ẹni tó gbá góòlù mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àmì yẹn ti lọ, ẹ ò lè gbà á mọ́.

Owó agbábọ́ọ̀lù tí ọ̀pọ̀ ń rà á máa lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ti ẹni tí wọ́n ń tà á máa já wálẹ̀. Bí ẹ bá ta ẹni tí owó rẹ̀ ti gbéra, ìdajì èrè náà ni wọ́n ń fún yín.

Àwọn àǹfààní pàtàkì mẹ́rin wà pẹ̀lú, tí wọ́n ń pè ní chips. Wildcard ń jẹ́ kí ẹ tún gbogbo ikọ̀ kọ́ láìsan àmì. Free Hit ń fún yín ní ikọ̀ ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, lẹ́yìn rẹ̀ ikọ̀ àtijọ́ á padà. Bench Boost ń jẹ́ kí àmì àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì náà kà. Triple Captain ń sọ àmì balógun di ìlọ́po mẹ́ta. Ní sáà 2025/26, ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ lè lo ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan ní ìdajì àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan ní ìdajì kejì. Ẹ má ṣe jẹ́ kó bà jẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Àkókò tó dára láti lo Bench Boost àti Triple Captain ni ọ̀sẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ kan máa gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n sún síwájú.

Ẹ ṣọ́ aago gan-an. Gbèdéke ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ìṣẹ́jú 90 ṣáájú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti tiwa dọ́gba. Ṣùgbọ́n láti Sunday tó kẹ́yìn oṣù kẹwàá títí di Sunday tó kẹ́yìn oṣù kẹta, wákàtí kan ni wọ́n fi ń wà lẹ́yìn wa. Bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀ ní 12:30 ọ̀sán lọ́dọ̀ wọn nígbà náà, 1:30 ni lọ́dọ̀ wa, gbèdéke rẹ̀ sì jẹ́ 12:00 ọ̀sán gééré. Nígbà míì alẹ́ Friday ni ọ̀sẹ̀ ìdíje ti ń bẹ̀rẹ̀, gbèdéke á sì ti kọjá kí ẹni tó ń dúró de Sátidé tó mọ̀.

Àwa ọmọ Áfíríkà tún ní ohun kan tí a gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn: Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà. Bó bá bọ́ sí àárín sáà, àwọn tó ń gbá fún orílẹ̀-èdè wọn á fi ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Èyí tó wáyé ní Morocco bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 21 oṣù kejìlá 2025, ó parí ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní 2026. Salah lọ, àwọn ọmọ Super Eagles náà lọ. Ẹni tó kó ọmọ Áfíríkà mẹ́rin sínú ikọ̀ rẹ̀ láìwo kàlẹ́ńdà á bá ihò mẹ́rin pàdé.

Ohun tó le jù fún ọ̀pọ̀ wa ni ìfẹ́ àwọn tó jẹ́ tiwa. Orúkọ ilé wa kún Premier League: Bukayo Saka, Ola Aina, Tosin Adarabioyo, àti Taiwo Awoniyi tí wọ́n bí ní Ìlọrin, tí Nottingham Forest rà lọ́dún 2022. Ó dùn mọ́ni láti rí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo Saka: ó farapa ní itan ní oṣù kejìlá 2024, kò sì padà sí pápá títí di oṣù kẹrin 2025. Ẹni tó tìtorí ìfẹ́ dì í mú ní gbogbo àkókò yẹn, mílíọ̀nù rẹ̀ tó lé ní 10 ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Bó bá farapa, ẹ tà á. Bó bá padà, ẹ rà á. Kò ní bínú sí yín.

Adùn ìdíje náà wà láàárín ọ̀rẹ́. Ẹnì kan á dá líìgì sílẹ̀ lórí áàpù náà, á sì fi kóòdù ránṣẹ́ sí àwọn yòókù. Àwọn ará Fìdítì lè wà níbẹ̀, kí àwọn ará Ìlọrà àti àwọn ọmọ ìlú tó wà ní Ìbàdàn tàbí London náà wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ dá owó jọ fún ẹni tó bá gbé ipò kìíní, ẹ jẹ́ kó mọ níwọ̀n, kí ẹ fi sọ́wọ́ ẹni tí gbogbo yín fọkàn tán, kí ẹ sì kọ bí ẹ ó ṣe pín in sílẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù nìkan kọ́ ni wọ́n ń fi ṣe é. Ní Íńdíà, kíríkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi ń ṣe tiwọn, Dream11 tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2008 sì wà lára àwọn tó gbajúmọ̀. Nínú kíríkẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹ́ kan á máa fi igi lu bọ́ọ̀lù, wọ́n á máa sáré kó rọ́ọ̀nù jọ. Ẹgbẹ́ kejì á máa ju bọ́ọ̀lù láti lé wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń lù ń gba àmì lórí rọ́ọ̀nù, ẹni tó ń jù ń gba àmì lórí iye ènìyàn tó lé jáde. Ẹni tó mọ méjèèjì ṣe ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ wá, nítorí ọ̀nà méjì ni àmì rẹ̀ ń gbà wọlé.

Ẹ wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí Nàìjíríà bá Ivory Coast ṣe ní oṣù kọkànlá 2024. Nàìjíríà kó rọ́ọ̀nù 271, Ivory Coast kò rí ju 7 lọ. Selim Salau nìkan kó 112. Isaac Danladi àti Prosper Useni lé ènìyàn mẹ́ta-mẹ́ta jáde. Ẹni tí balógun rẹ̀ bá jẹ́ Salau lọ́jọ́ náà, olúwarẹ̀ rí já jẹ. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé àwọn tó lù lẹ́yìn kò rí bọ́ọ̀lù púpọ̀ lù. Nínú kíríkẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, ẹni tó bá tètè wọlé tó sì pẹ́ ní pápá ni kí ẹ mú.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tàbí ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì àdúgbò yín náà lè ṣe tiẹ̀ láìsí áàpù, bí àwọn ará Oakland ti ṣe é pẹ̀lú bírò. Ẹni mẹ́ta tí kò ní bá wọn díje ni kó jókòó, kí wọ́n fi iye sí orúkọ agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan nínú ìdíje àdúgbò. Ẹ dín òfin àmì kù sí mẹ́rin tàbí márùn-ún: wíwọ pápá, góòlù, gbígbé bọ́ọ̀lù fún ẹni tó gbá a wọlé, ilé tí kò jò, àti káàdì. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ pápá, kí ó sì lẹ àpapọ̀ rẹ̀ mọ́ ògiri lálẹ́ ọjọ́ náà kí ẹnikẹ́ni tó bá ní àríwísí lè sọ ọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́. Gbogbo ikọ̀ ni kó ti wọlé sínú ìwé kí fèrè àkọ́kọ́ tó dún. Èyí tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lónìí, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ tó gbajúmọ̀. Ẹ kọ́kọ́ yan balógun yín, kí ẹ yọ owó rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ yan àwọn mẹ́rin orí bẹ́ǹṣì, kí ẹ yọ owó tiwọn náà. Lẹ́yìn náà, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó kù, ẹ bi ara yín léèrè: ṣé ó ń wọ pápá, ta ló ń bá pàdé, ṣé òun ni wọ́n ń pè sí pẹ̀nálítì? Ẹni tí ẹ kò bá rí ìdáhùn tó dáa fún, bó ti wù kó jẹ́ ààyò yín tó, ẹ fi í sílẹ̀ fún ilé ìwòran, ibẹ̀ ni kí ẹ ti pariwo orúkọ rẹ̀.